Awọ Pupa Lórí Màṣíìnì Àlòkù

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, bí mo ṣe ń gbá iwájú ìsọ̀ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo gbọ́ ìró màṣíìnì, alùpùpù kan, tó ń wúkọ́ tí kò fẹ́ jí. Ẹni tó ni ín ń fi ẹsẹ̀ ta á, ó ń sinmi, ó sì tún ń ta á. Nígbà tó jí tán, ó tú èéfín aláwọ̀ búlúù sójú títì, èéfín bẹntiróò tí wọ́n po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́. Àwọn màṣíìnì òde òní kì í sábà tú irú èéfín bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ti kúrò níbẹ̀. Mo ti padà sí Ọ̀yọ́, sí ẹ̀yìnkùlé bàbá mi. Mo ti di ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì ń wo ọ̀rọ̀ kan tí mo rò pé ó yé gbogbo àgbà àfi èmi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò yé àwọn náà.

Iṣẹ́ awọ ni bàbá mi ń ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ bá ti jókòó lórí tìmùtìmù rí nínú yàrá bàbá àgbà yín, irú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ti fá irun rẹ̀, tí wọ́n ti rẹ ní pupa àti dúdú, tí wọ́n wá gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì tò ní onígun mẹ́ta mẹ́ta títí ojú awọ yóò fi kún fún ọnà. Ó máa ń ṣe gàárì ẹṣin fún àwọn ìjòyè pẹ̀lú. Àmọ́ nígbà tí mo gbọ́njú, ẹṣin ti ń dín kù nílùú, àwọn tó sì ń ra tìmùtìmù ti ń ra àga onífóòmù. Ara ògiri ẹ̀yìnkùlé ni bàbá mi máa ń na awọ tí ó bá rẹ sí kí ó lè gbẹ. Àwọn ewúrẹ́ agboolé a máa wá síbẹ̀, wọ́n á gbóòórùn awọ náà, wọ́n á wò ó títí, wọ́n á sì rọra bá tiwọn lọ. Mo máa ń rò pé ẹbí wọn ni wọ́n wá bẹ̀ wò.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè mú mọ́ra ni kí ó rí awọ tí wọ́n rán burúkú, kí ó má tú u. Ìgbà kan wà tí Àáfáà àdúgbò wa wá kí wa, tó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Àáfáà jáde, bàtà ti tú sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ẹsẹ̀ bàbá mi. Ó rán an dáadáa, mi ò purọ́, àmọ́ Àáfáà jókòó tì í títí wọ́n fi pe ìrun Mọ́gàríbì, nítorí kò lè rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí láìwọ bàtà.

Ọdún yẹn ni yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́ mú Bọ̀ọ̀dá Múfú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé wa. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni ní agboolé wa tó dé irú ibẹ̀ rí. Ìyá mi jó nígbà tó gbọ́. Ó jó dé ìdí odó, ó jókòó lé e, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnyán fún èrò. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí kò yé mi. Ní alẹ́, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé.

Ìyá mi ní, “Owó ìwọlé nìyẹn. Owó ilé tí yóò máa sùn ńkọ́? Owó ìwé ńkọ́?”

“Wọ́n ní kó gbé ibùsùn tirẹ̀ dání,” ni bàbá mi wí.

“Ibùsùn? Ṣé kì í ṣe àwọn ló ní kó wá ni?”

Ìbéèrè ìyá mi yìí bọ́gbọ́n mu létí mi. Èmi mọ̀ pé bí èèyàn bá pe àlejò wá sílé, ẹni tó pe àlejò ló ń se oúnjẹ, òun ló ń tẹ́ ẹní. Kí ló dé tí yunifásítì ń pe èèyàn, tó sì ń ní kó gbé oúnjẹ, ẹní àti owó lọ́wọ́ wá? Nígbà tí mo bi Bọ̀ọ̀dá Múfú, ó ní kí n lọ sùn. Ohun tó yé mi ò ju èyí lọ: ọjọ́ kan wà tí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn owó sísan, bí kò bá sì tíì san tiẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n máa fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀.

Ní àkókò yẹn, kì í ṣe bàbá ọmọ nìkan ló ń rán ọmọ lọ sí ilé ìwé ńlá. Ẹbí á pé jọ, kálukú á sì mú ohun tí agbára rẹ̀ ká wá, bí ìgbà tí wọ́n ń sin ọmọ wọn lọ sí ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn. Bàbá Olóbì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ta obì lọ sókè Ọya, ló dá ọjọ́ fún ìpàdé náà. Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Gbogbo ilé fọkàn balẹ̀ àyàfi bàbá mi. Ohun tí ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ló sọ fún ìyá mi pé, “Ẹbí yóò ṣe ti ọdún kìíní. Ta ni yóò ṣe ti ọdún kejì?”

Bó ṣe di pé ó kó gbogbo ohun tó fi pamọ́, tó fi esúsú ìyá mi kún un, tó sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Ó ra màṣíìnì àlòkù lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Èrò rẹ̀ ni pé Bọ̀ọ̀dá Múfú yóò máa fi gbé èrò nígbà tí kò bá sí nínú kíláàsì. Owó ẹbí yóò gbé e wọlé, màṣíìnì yóò sì máa bọ́ ọ níbẹ̀. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni ní òde. Ó ní ohun tí èèyàn kò tíì ṣe yọrí, ẹnu kì í tètè dé ibẹ̀.

Màṣíìnì náà dé pẹ̀lú dígí ẹyọ kan. Táàǹkì rẹ̀ ti ṣá, ìjókòó rẹ̀ sì ti ya débi pé fóòmù inú rẹ̀ yọ síta bí ẹ̀kọ tí ewé ti tú lára rẹ̀. Gbogbo wa yí i ká. Bọ̀ọ̀dá Múfú ń wo ẹ́ńjìnnì. Ìyá mi ń wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo ìjókòó. Mo rí ojú tó fi ń wò ó, mo sì rántí bàtà Àáfáà.

Ó wọ inú yàrá lọ, ó mú awọ pupa kan jáde tó ti ń tọ́jú fún gàárì ìjòyè kan tó kú kí gàárì tó parí. Odindi ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń ṣe ìjókòó náà. Ó rán ọnà dúdú àti funfun sójú rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ìṣẹ́tí sí etí rẹ̀ méjèèjì, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, á máa fì sọ́tùn-ún sósì.

Bọ̀ọ̀dá Múfú dúró tì í, ó ní, “Bàbá, èrò la fẹ́ fi gbé o.”

Bàbá mi ò gbójú sókè. Ó ní, “Èrò ò ní ìdí ni?”

Mi ò tíì rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí, títí di òní tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó dà bí ẹni fi adé dé orí ẹni tó wọ àkísà.

Ọjọ́ Àìkú pé, ẹbí sì dé. Bàbá Olóbì ló kọ́kọ́ wọlé, obì ń bẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n bá màṣíìnì lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí bàbá mi gbé e sí kí òjò má bàa pa á. Bàbá Olóbì dúró. Ó yí i po. Ó fọwọ́ pa ìjókòó náà lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára.

“Lásísì!” Orúkọ bàbá mi nìyẹn. “Lásísì, àbúrò mi! Àṣé o ti gòkè, o ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni!”

Bàbá mi la ẹnu, ṣùgbọ́n Bàbá Olóbì ti ń pe Àáfáà pé kó wá ṣàdúrà sí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ní agboolé rí. Bí ẹnì kan bá ra nǹkan ìgùn, aládùúgbò yóò wá kí i kú oríire. Wọn yóò ṣàdúrà fún un. Ẹni tí wọ́n ń ṣàdúrà fún kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn pé, ‘Rárá, kì í ṣe oríire ni, ìṣòro ni.’ Ta ni yóò ti irú àdúrà bẹ́ẹ̀ padà? Ẹni náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n lọ láìpanu. Àáfáà bẹ̀rẹ̀: Ọlọ́hun yóò jẹ́ kó lò ó gbó, eléyìí ni yóò bí mọ́tò, mọ́tò ni yóò bí Mẹ́kà. Bí ó ti ń wí ni bàbá mi ń dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ sí i. Ìyá mi fà mí lápá, ó ní kí n lọ gbé ìrẹsì wá lábẹ́ ibùsùn. Mo mọ ìrẹsì náà. Èyí tó ti dì sílẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá Múfú láti gbé lọ sí yunifásítì ni.

Wọ́n jẹun. Wọ́n yọ̀. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ tán, bàbá mi sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn tí ẹ tìtorí rẹ̀ pè wá...”

“Ọmọ wo?” Bàbá Olóbì rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àwọn yòókù. “Ẹ gbọ́! Ẹni tó wà lórí ẹṣin ń tọrọ ẹsẹ̀ lọ́wọ́ àwa tí à ń fẹsẹ̀ rìn!”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò ní ìkà nínú rárá, èyí ló mú kó ṣòro. Inú wọn dùn sí bàbá mi tọkàntọkàn. Kálukú padà sílé pẹ̀lú ohun tó mú wá nínú àpò rẹ̀, ó sì dá mi lójú pé wọ́n sùn dáadáa. Bàbá mi jókòó sórí àpótí iṣẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo bi ìyá mi bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ dára tàbí kò dára. Ó ní kí n lọ fọ ìkòkò.

Ó wá di pé màṣíìnì náà nìkan ni yóò pa owó àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn owó sísan sì ń súnmọ́. Bọ̀ọ̀dá Múfú gùn ún lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì. Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ sílé láti ẹnu awakọ̀ kan pé èèyàn ò gun màṣíìnì òun.

Bàbá mi ní, “Ṣé kò rìn ni?”

Awakọ̀ náà ní, “Ó ń rìn, Bàbá. Àwọn èèyàn ni ò gùn ún.”

Ilé ìwé wa ti gba ìsinmi, nítorí náà bàbá mi mú mi dání láti máa bá a gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀. A wọ mọ́tò, a kọjá Odò Ọbà, a sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí oòrùn ti mú. A kò lọ bá Bọ̀ọ̀dá Múfú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá mi dúró sábẹ́ igi kan lódì kejì oríta, ó ń wò ó. Àwọn ọlọ́kadà yòókù tò sílẹ̀, èrò ń gùn wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tiwa nìkan ló dúró síbẹ̀, ó pupa, ó ń dán, ìṣẹ́tí rẹ̀ ń fì.

“Kábíyèsí!” ni ọ̀kan nínú wọn ń pe Bọ̀ọ̀dá Múfú. “Ṣé ẹ ti jẹun láàfin kí ẹ tó jáde?”

“Ẹ yà fún un, ẹ yà fún un! Ìbàdàn ni ọba ń lọ!”

Bàbá arúgbó kan súnmọ́ ọn, ó fẹ́ gùn ún, ó sì fà sẹ́yìn. Ó ní, “Ọmọ mi, ta ló ni èyí? Wọ́n á ní mo gun nǹkan ìjòyè.” Bọ̀ọ̀dá Múfú ń ṣàlàyé fún un, ó ń bẹ̀ ẹ́, àmọ́ bàbá náà ti gun màṣíìnì ẹlẹ́yìn rẹ̀, èyí tí ìjókòó rẹ̀ ò ju pátákó àti àpò sìmẹ́ńtì lọ.

Bàbá mi kọjá títì. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó mú ọ̀bẹ kékeré tó fi ń gé awọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú ìjókòó náà, níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí awọ má bàa fàya. Gbogbo ọlọ́kadà ṣíwọ́ yẹ̀yẹ́. Mo rò pé wọ́n rí i lójú rẹ̀ pé òun ló rán an. Nígbà tó tú u tán, ògbólógbòó ìjókòó ọjọ́sí yọ, pẹ̀lú fóòmù rẹ̀ tó yọ síta. Ọ̀kan lára àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ló fa ọ̀rá dúdú kan jáde lábẹ́ ìjókòó tirẹ̀, ó sì bá wa dì í.

A ò tíì dì í tán nígbà tí obìnrin kan tó ru agbọ̀n ata dé. “Ọ̀kadà! Ẹ gbé mi dé ìdí ọsibítù.” Kò wo ìjókòó, kò béèrè ẹni tó ni ín, ó kàn jókòó lé e. Bọ̀ọ̀dá Múfú ta á, ó jí, wọ́n sì lọ nínú èéfín. Mo wo ojú bàbá mi láti mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n má rẹ́rìn-ín. Ó ká awọ pupa náà bí ẹni ń ká aṣọ ọmọ tuntun, ó fi há abíyá, a sì lọ wọ mọ́tò Ọ̀yọ́.

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í gun màṣíìnì náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ, ohun tó ń pa kò lè kún ohun tí wọ́n ń béèrè kí ilẹ̀kùn tó tì. Bàbá mi fi awọ náà ṣe tìmùtìmù kan, ó gbé e síta fún títà. Ẹni tó wá rà á ni Bàbá Olóbì. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Bàbá Olóbì, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ọkùnrin yìí a máa ná omi mímu pẹ̀lú àwọn tó ń tà á. Ó wo tìmùtìmù náà, ó fọwọ́ pa á lára bó ti pa á lára lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ó béèrè iye rẹ̀. Bàbá mi, nínú ìtìjú rẹ̀ tàbí nínú ìbínú rẹ̀, pe iye kan tí ẹnikẹ́ni kì í fi ra tìmùtìmù. Mo dúró de ẹ̀rín. Bàbá Olóbì kò ná an. Ó sanwó, ó gbé ẹrù rẹ̀ sórí, ó lọ. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, bàbá mi gbé owó náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Bọ̀ọ̀dá Múfú sì wọlé sí yunifásítì lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ṣé Bàbá Olóbì mọ ohun tó ń ṣe ni? Ṣé ìyá mi ló lọ ta á lólobó? Àbí ó kàn fẹ́ràn awọ náà? Kò sọ, bàbá mi kò sì bi í. Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí, ìbéèrè náà ló kù fún èmi.

Bí mo bá parí ọ̀rọ̀ síbí, ẹ̀yin ọmọ á rò pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Ní ọdún kejì, wọ́n fi kún owó. Ní ọdún kẹta, àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì títí màṣíìnì náà fi kú lábẹ́ Bọ̀ọ̀dá Múfú, tó sì tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, wọ́n tún ti fi kún un. Orí táàǹkì ló ti ń ka ìwé nígbà tí èrò bá wọ́n. Ó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, àmọ́ ó jáde. Olùkọ́ ìṣirò ni lónìí ní ilé ìwé kan ní apá Ìrẹsà. Bí wọ́n bá ti lu aago ìparí iṣẹ́, á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, á sì lọ fi màṣíìnì gbé èrò, nítorí owó oṣù rẹ̀ kò gbé e dé ìparí oṣù. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ló ń gbé délé. Àwa rò pé màṣíìnì ni yóò gbé e dé yunifásítì, tí yunifásítì yóò sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí màṣíìnì. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, mi ò tíì mọ ibi tí a ti ṣì í.

Púpọ̀ ti yí padà. Kò sí ẹni tó ń pe ìpàdé ẹbí mọ́ nítorí ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé. Orí fóònù ni owó ń gbà kọjá, kálukú sì ń dá gbé ẹrù rẹ̀. Èèyàn lè ra màṣíìnì àlòkù ní òwúrọ̀, kó gbé e sílé, kí aládùúgbò má yọjú. Kò sí ẹni tí yóò ṣi àdúrà gbé wá fún un, kò sì sí ẹni tí yóò jẹ ìrẹsì ọmọ rẹ̀ tán. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ tàbí kí n sunkún. Ohun tí kò yí padà ni pé ìwé ìgbàwọlé ọmọ ṣì ń mú ayọ̀ àti ẹ̀rù wọlé ní wákàtí kan náà, láti ẹnu ọ̀nà kan náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bọ̀ọ̀dá Múfú pè mí. Ó ní yunifásítì ti mú Sẹ̀kínà, àbígbẹ̀yìn òun. Ó sì ní òun ti ra màṣíìnì àlòkù mìíràn tí òun fẹ́ gbé fún ẹnì kan láti máa gùn, kí ohun tó bá ń pa lè máa ran owó ilé ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

Mo ní, “Ẹ kú oríire o, Bọ̀ọ̀dá mi.”

Ó ní, “Èwo nínú méjèèjì lo ń kí mi fún?”

Mo ronú lọ, mo ronú bọ̀. Mo ní, “Ẹ mú èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni àwa méjèèjì sọ pé “Àmín” lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ẹni tó tíì ṣàdúrà nínú wa.